Kí ló dé tí Zuko fi gbè lẹ́yìn Azula ní Ba Sing Se?

Ìbéèrè, láti Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà láàrin èmi àti àbúrò mi ọkùnrin láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, a kò sì tíì rí i yanjú. Àwa méjèèjì ń tún eré kàtúùnù Avatar: The Last Airbender wò láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe àfihàn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàrin ọdún 2005 sí 2008, ìpín 61 tí wọ́n pín sí Ìwé mẹ́ta. A dé ìparí Ìwé Kejì, níbi tí Zuko, ọmọ ọba Ilẹ̀ Iná, ti gbè lẹ́yìn Azula àbúrò rẹ̀ nínú ihò tó wà lábẹ́ ìlú Ba Sing Se, tó sì gbéjà ko Aang, ọmọkùnrin tó jẹ́ Avatar, akọni eré náà. Inú bí mi débi pé mo pa kọ̀ǹpútà dé.

Ẹjọ́ mi rèé. Gbogbo Ìwé Kejì ni wọ́n fi ń tún ọmọ yìí ṣe. Ó tú Appa, ẹran ńlá tí ń fò tí Aang ń gùn, sílẹ̀ nínú àhámọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ibà gbé e dè, tí Iroh, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, jókòó tì í, tó sì ṣàlàyé fún un pé ohun rere tó ṣe ló ń bá irú ẹni tó pe ara rẹ̀ jà nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ yá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bá Iroh ta tíì. Nígbà tí wọ́n wá tì í mọ́ inú ihò pẹ̀lú Katara, ọ̀rẹ́ Aang tó ń fi omi jà, àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ nípa ìyá wọn tí Ilẹ̀ Iná mú kí wọ́n pàdánù, Katara sì gbé ọwọ́ lé àpá iná tó wà lójú òsì rẹ̀, ó ní òun ní omi mímọ́ kan tó ṣeé ṣe kó wò ó sàn. Ojú ẹsẹ̀ ni Aang àti Iroh já wọlé, wọn kò sì lo omi náà mọ́. Kò pẹ́ rárá tí Zuko fi dalẹ̀. Azula fi mànàmáná lu Aang, omi kan náà ni Katara sì fi gbà á lọ́wọ́ ikú. Ọwọ́ òǹkọ̀wé ni mo rí níbẹ̀: wọ́n fẹ́ kí Aang ṣubú, wọ́n fẹ́ kí omi náà ṣẹ́kù, wọ́n sì fi ìwà Zuko san gbèsè méjèèjì. Àbúrò mi ní n kò wo eré náà dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló jàre?

Ìdáhùn, láti Ìkéré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ará Adó. Mo fara mọ́ ẹ̀sùn tí ẹ fi kan ọ̀rọ̀ omi yẹn, nítorí ìṣẹ́jú tí òǹkọ̀wé ń fẹ́ gan-an ni Aang àti Iroh wọlé. Ti Zuko ni n kò gbà. Kí ó tó dé inú ihò ló ti yàn. Ẹ padà lọ wo ìgbà tí wọ́n pe òun àti Iroh sí ààfin pé kí wọ́n wá po tíì fún ọba Ba Sing Se, tó wá já sí pé Azula ló dẹ pàkúté sílẹ̀. Iroh fọ́ ògiri ààfin, ó bẹ́ síta, ó sì ń pe Zuko láti ìsàlẹ̀ pé kó máa bọ̀. Ọ̀nà là sílẹ̀ gbayawu. Zuko dúró lẹ́bàá ihò ògiri náà, ó ní sísá kiri ti sú òun, ó sì yíjú padà láti lọ kojú Azula.

Ẹni tó bá ti gba ilé tíì náà ní ilé rẹ̀, kí ló kù tó fẹ́ bá Azula yanjú? Ibà yẹn sọ ọ́ di ẹlẹ́rọ̀, kò sọ ọ́ di ẹni tó ti pinnu. Inú rẹ̀ dùn nídìí tíì nítorí pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀ tó ń bi í léèrè pé ọmọ ta ni ó fẹ́ jẹ́.

Ìdáhùn, láti Ìjerò

Ọ̀rọ̀ tí Zuko kò yé pè láti Ìwé Kìíní ni iyì, àwa tí à ń pe ìpínlẹ̀ wa ní Ilé Iyì, Ilé Ẹ̀yẹ kò sì gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó lanu sọ̀rọ̀ nínú ìgbìmọ̀ ogun, tó ní kò tọ́ kí ọ̀gágun kan fi ẹ̀mí àwọn ọmọ ogun tuntun dẹ ọ̀tá. Bàbá rẹ̀ ní kó jáde wá jà. Ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, bàbá náà fi iná jó o lójú, ó sì lé e kúrò nílùú pé kò gbọdọ̀ padà láìmú Avatar lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, ohun tó gbà gbọ́ ni pé àpò bàbá òun ni iyì òun wà. Ohun tí Azula sì nà sí i nínú ihò yẹn nìyẹn: iyì rẹ̀, àti ìfẹ́ bàbá rẹ̀. Omi Katara kò lè fún un ní ìkankan nínú méjèèjì.

Mo mọ bí ó ti ń rí. Nígbà tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ tí mo lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, bàbá mi ní òun kò rí mi bí. Àbúrò bàbá mi ló gbà mí sílé, ó ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún mi, ọdún méjì gbáko ni mo sì fi jẹ iyán rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ìránṣẹ́ dé pé bàbá mi ní kí n máa bọ̀. Apá bùbá oníbàárà kan ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. N kò gé òwú, n kò dúró dágbére fún ẹni tó fi orí mi pamọ́, mo gun ọ̀kadà. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ràn bàbá yẹn. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé ni. Bàbá mi fún mi lẹ́ran lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ki oríkì mi, kò sì béèrè iṣẹ́ tí mo kọ́ rárá.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí Zuko ní Ìwé Kẹta, tó jókòó lápá ọ̀tún bàbá rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ogun, tó sì wá sọ lẹ́yìn náà pé gbogbo bí bàbá òun ṣe fẹ́ kí òun rí ni òun rí níbẹ̀, àfi pé òun kọ́ ni, mo ní láti dá eré náà dúró fúngbà díẹ̀. Bí kò bá tíì padà sílé, kò ní mọ̀ láéláé pé ohun tó wà nínú àpò yẹn kì í ṣe iyì. Ìyẹn ló jẹ́ kó lè dúró níwájú bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tí òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀, kó sọ fún un pé òun ń lọ, láìkúnlẹ̀.

Ìdáhùn, láti Ìkọ̀lé

Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n láti Ìjerò sọ ló wọ̀ mí lára, síbẹ̀ ará Adó ní ẹjọ́ tirẹ̀. Nígbà tí Zuko dé ibi ìjà náà, ó wo Aang, ó wo Azula, ó sì ju iná sí Aang. Gbogbo ohun tí wọ́n fi hàn wá nìyẹn. Ọmọ mi obìnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá bi mí pé, "Màámi, ṣé ó tún ti di ẹni burúkú ni?" N kò rí èsì fún un, nítorí pé àgbàlagbà nìkan ló lè rí ohun tí ẹ ń sọ láàrin ojú méjì tí Zuko wò.

Èsì mi dé nígbà tí a wo ìparí eré náà. Zuko wọ àgọ́ Iroh, ó bá a tó ń sùn, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dúró dè é títí ilẹ̀ fi mọ́. Iroh jí, ó kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn sí i. Ọmọ náà ń fi omijé tọrọ àforíjì, kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Iroh fi fà á mọ́ra, tó sì jẹ́ kó mọ̀ pé òun kò bínú sí i rí. Ọmọ mi kò tún bi mí ní ìbéèrè kankan.

Èsì olùbéèrè, láti Adó-Èkìtì

Ẹ ṣeun púpọ̀. A tún wo ìran ògiri ààfin yẹn lálẹ́ àná, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìgboyà ni mo pe dídúró Zuko ní ìgbà àkọ́kọ́, n kò tilẹ̀ wo ojú Iroh nísàlẹ̀. Lórí Zuko, mo ti gbà fún àbúrò mi. Lórí omi, ó rán mi létí pé ní ìpín kìíní Ìwé Kejì gan-an ni ọ̀gá tó kọ́ Katara fún un ní omi náà, pé wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ hú u jáde. Mo gbà pé wọ́n ti gbìn ín tipẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dáhùn ìdí tí Aang fi wọlé ní ìṣẹ́jú yẹn, n kò sì ní yé bi wọ́n léèrè. Bí iná bá wà lálẹ́ òní, a ó bẹ̀rẹ̀ Ìwé Kẹta.