Leeds la ń bọ̀: ilé ni kí n kọ́kọ́ wá ni, tàbí ilé ìwé àwọn ọmọ?

Ìyá ọmọ mẹ́ta, Ìbàdàn
Ẹ kúulé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní Leeds, ní England, físà gbogbo wa ti jáde, ìparí oṣù Kẹjọ la ó dé. Àkọ́bí mi pé 14 ní oṣù Kejì, èkejì pé 10 ní oṣù Kẹfà, àbígbẹ̀yìn pé 4 ní oṣù Kẹta. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Èló sì ni owó ilé ìwé ọ̀hún?

Bàbá Ìbejì, Bradford
Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, sístà. Ọ̀fẹ́ ni ilé ìwé ìjọba. Ẹ má jẹ́ kí "no recourse to public funds" (pé ẹ ò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba) tó wà lórí físà já yín láyà, kò kan ilé ìwé rárá. Ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, torí kánsù máa béèrè ìwé àdéhùn ilé lọ́wọ́ yín.

Aláṣọ Òkè, Manchester
Bàbá Ìbejì, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ yín kù díẹ̀. Ilé tí mo kọ́kọ́ gbà ló kó mi sí wàhálà. Mo rí ilé ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ayé ń yìn, mo gba ilé sí ìtòsí rẹ̀, mo san owó oṣù mẹ́fà sílẹ̀. Ìgbà tí mo débẹ̀, wọ́n ní kíláàsì ti kún. Year 2 ni ọmọ mi, ọmọ 30 sì ni òfin gbà fún tíṣà kan láti Reception, kíláàsì àkọ́kọ́ pátápátá, títí dé Year 2. Mo pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, pàbó ló já sí. Bọ́ọ̀sì méjì là ń wọ̀ láràárọ̀ nínú òtútù, ọmọ ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Bẹ́ẹ̀, ilé ìwé tó láyè wà ní àdúgbò tí mo ní mi ò lè gbé!

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ilé, ẹ pe ọ́fíìsì admissions kánsù, àwọn tó ń rí sí gbígba ọmọ síléèwé, ẹ bi wọ́n pé ilé ìwé wo ló ṣì láyè ní kíláàsì ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀tọ́ yín ni, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ilé sí agbègbè yẹn.

Tíṣà Àgbà, Peckham
Ọmọ mi, jẹ́ ká ka ọjọ́. Àwọn ọmọ tí a bí láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ tó tẹ̀lé e ni wọ́n ń kó sí kíláàsì kan. JSS tí ọmọ wà nílé kò sí nínú ìṣirò wọn. Àbígbẹ̀yìn rẹ, Reception. Àkọ́bí, Year 10. Dúpẹ́, torí ọdún méjì GCSE, ìdánwò bíi WAEC tiwọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni. Ọmọ tó bá dé ní Year 11 ni nǹkan máa ń le fún.

Èkejì yìí ló ń kọ mí lóminú. Year 6, kíláàsì tó kẹ́yìn ní pírámárì, ló máa wọ̀, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá sì ni gbèdéke fọ́ọ̀mù sẹ́kọ́ńdírì rẹ̀. Ẹ ó ṣì máa tú ẹrù lọ́wọ́! Kọ ilé ìwé kún gbogbo àyè tó wà lórí fọ́ọ̀mù. Àwọn kan máa ń kọ ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n rò pé àwọn ń fi agídí mú kánsù. Tí ìyẹn bá bọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ni wọ́n á fún wọn. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ni èsì ń jáde.

Ofsted náà, àwọn tó ń bẹ ilé ìwé wò fún ìjọba, láti oṣù Kẹsàn-án 2024 ni wọn ò ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣàpèjúwe ilé ìwé ìjọba mọ́, nítorí náà ka inú ìròyìn náà. Èmi tún máa ń dúró lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n bá ń jáde, kí n wo bí àwọn àgbà inú wọn ṣe ń ṣe sí kékeré.

Ìyá ọmọ mẹ́ta, Ìbàdàn
Hàà, oṣù Kẹwàá kẹ̀? Ẹ ṣeun gan-an mà. Kátólíìkì ni wá, ṣé ó máa ràn wá lọ́wọ́? Télọ̀ sì ti ń rán yúnífọ́ọ̀mù o.

Aláṣọ Òkè, Manchester
Ilé ìwé Kátólíìkì sábà máa ń ní fọ́ọ̀mù tiwọn lọ́tọ̀, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi àwọn ọmọ dání. Ṣùgbọ́n yúnífọ́ọ̀mù wo? Ẹ ò tíì mọ ilé ìwé! Ṣòkòtò àti ṣẹ́ẹ̀tì wà ní ilé ìtajà Asda, owó rẹ̀ ò wọ́n.

Ìyá ọmọ mẹ́ta, Ìbàdàn
Mo ti pe télọ̀. Ó ní òun ti gé ṣòkòtò méjì.