Àbọ̀ rèé o: kọ́míìkì Ẹgbére àti Àǹjọ̀nú ti jáde!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo ń wá ibi tí wọ́n ti máa bá mi tẹ kọ́míìkì mi l'Ẹ̀pẹ́, ẹ ṣé gan-an, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́! Ẹni tó ní kí n sọ ojú ìwé 26 di 28, Ọlọ́run á bù kún ẹ, torí ìwé tí wọ́n ká sí méjì tí wọ́n fi píìnì gún láàárín, iye ojú ìwé ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé fi 4 pín, ni mo bá ya ọjà ẹja Olúwo kún un: Ẹgbére gbé ẹní ẹ̀ dání ó ń sunkún, ìyá ẹlẹ́ja rò pé owó ẹja ló ń pa á lẹ́kún, ló bá já owó wálẹ̀, Àǹjọ̀nú ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá ń fún un léékánná pé kó túbọ̀ máa sunkún. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá fẹ́ rà, ínbọ́ọ̀sì o, mo ti ti tírẹ́ẹ̀dì yìí pa.