Ẹ sọ ìrírí yín: iná ẹ̀yìnkùlé àti s'mores pẹ̀lú àwọn ọmọ

Ìyá kan ní Maryland

Ọmọ mi ọkùnrin ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ó lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó padà dé tòun ti òórùn èéfín lára aṣọ àti ṣokoléètì létí ẹnu. "Mọ́mì, ìgbà wo làwa náà máa dáná tiwa?" Ojoojúmọ́ ló ń bi mí títí mo fi gbà.

Ẹni tí kò bá tíì jẹ s'mores rí: bískíìtì graham méjì ni, ṣokoléètì pẹlẹbẹ, àti marshmallow, ìyẹn midinmíìdìn funfun tó rọ̀, tí a yan níná. A ó wá fi bískíìtì méjèèjì há wọn sáàárín. "Some more" ni orúkọ náà ti wá, ìyẹn "ẹ fún mi sí i". Ẹgbẹ́ Girl Scouts ti tẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe é jáde láti 1927.

Mo pe àwọn ará ilé wa. Mùsùlùmí ni ọkọ àbúrò mi obìnrin, ìyá ọkọ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ti Ìbàdàn wá bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Alhaja la máa ń pè wọ́n. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, mo ń to nǹkan sórí tábìlì lójú mi bá kan ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọ̀rá marshmallow: gelatin. Mo mọ̀ pé ara awọ àti egungun ẹran ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Mo wádìí ti èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ti ẹlẹ́dẹ̀ ni. Àyà mi já. Ó kù díẹ̀ kí n fi ohun tí ẹ̀sìn wọn kà léèwọ̀ ṣe ìyá àgbà lálejò, nínú ilé mi!

Mo gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó di ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹran hàláàlì. Mo rí èyí tí wọ́n fi gelatin màlúù ṣe níbẹ̀. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ òun nìkan ni mo gbé síta fún gbogbo ilé. Mi ò fẹ́ kí ọmọ kankan dúró nídìí tábìlì kó máa bèèrè èwo ni tòun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ pe èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ẹ̀yìn ọ̀rá kí ọjọ́ tó pé.

Ní ti iná, ọkọ mi gbé ààrò irin jìnnà sílé ní ẹsẹ̀ bàtà 25, ó gbé garawa omi tì í. Igi tí a kọ́kọ́ kó sí i kò gbẹ, èéfín lé gbogbo wa sẹ́yìn. Àgbàlagbà kan ládùúgbò ló gbé igi oak gbígbẹ wá fún wa. Ó ní ká má fi pákó tó ṣẹ́ kù nígbà tí a ṣe ọgbà dáná láé, torí oògùn tí wọ́n fi rẹ ẹ́ kò dára kéèyàn fà símú.

Gbogbo ọmọ ló fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún marshmallow tirẹ̀, wọ́n ń tì í bọ àárín ọwọ́ iná. Ti ọmọ mi gbiná, ẹ̀rù bà á, ó ju igi náà fìrì, marshmallow bá fò, ó lẹ̀ mọ́ apá jákẹ́ẹ̀tì ọmọ àbúrò mi. Kíá ni mo da omi sí i. Jákẹ́ẹ̀tì lu, ṣùgbọ́n kò dé ara, mo dúpẹ́. Mo kó wọn jókòó, mo ní: tó bá gbiná, ẹ fẹ́ ẹ pa, ẹ má fì í. A dúró kí iná rọlẹ̀ di ẹ̀yín. Orí ẹ̀yín ló ti ń yan dáadáa: ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, á wú bí àkàrà inú epo, ara rẹ̀ á pọ́n, inú á yọ́, á sì fẹ́ máa yọ̀ kúrò lára igi.

Alhaja gé ẹyọ kan jẹ, wọ́n ní ó ti dùn jù fún àwọn. Wọ́n wá fa ìjókòó wọn mọ́ iná. "Ààlọ́ o!" Èmi àti àbúrò mi dáhùn pọ̀, bí ìgbà tí a wà lọ́mọdé: "Ààlọ̀!" Wọ́n ní, "Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" A túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ọmọ mi wo iná, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Igi marshmallow!" Alhaja rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fi ìborùn nu ojú. Wọ́n ní orógùn ni, àmọ́ ti ọmọ yìí náà bá a mu.

Aago mẹ́wàá kọjá ká tó pa iná: a da omi sí i, a rò ó pọ̀, a tún da omi sí i títí kò fi ṣe ṣàà mọ́.

Bàbá kan ní Houston

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Ọ̀dá ni tiwa. Ìjọba ìbílẹ̀ wa fòfin de iná ìta gbangba lọ́sẹ̀ tí mo ti pe àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ mi, igi wà nílẹ̀, kò ṣeé dá. Inú àdìrò ni a ti ṣe é: a to bískíìtì àti marshmallow sórí páànù, a gbé e sábẹ́ iná òkè. Ẹ má kúrò nídìí rẹ̀ o, kì í tó ìṣẹ́jú méjì tó fi ń jóná. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́ tán, kálukú mú fóònù rẹ̀. Àlọ́ tí ẹ sọ yìí ló wọ̀ mí lára. Màmá mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, tó bá di aago méjì ọ̀sán tiwa, aago mẹ́jọ alẹ́ ni lọ́dọ̀ wọn, màá pè wọ́n lórí fídíò kí wọ́n tó sùn, kí wọ́n lè pa àlọ́ fún àwọn ọmọ.