Tor: bí ojú kan bá ń wo ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà àti òpin rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ Tor dáadáa, ètò tí ń gbé ọ̀rọ̀ gba orí kọ̀ǹpútà mìíràn kọjá kí a má baà mọ ẹni tí ó rán an lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àjàṣẹ́ ni mo ń gbé, mo sì ń bá àwọn àgbẹ̀ kan fi ẹ̀sùn ilẹ̀ ránṣẹ́ sí ìkànnì kan tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà ní Kùtọnú. Wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá.

Mo ti mọ̀ pé kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá, tí èkíní mọ ẹni tí ó rán an ṣùgbọ́n tí kò mọ ibi tí ó ń lọ, tí ẹ̀kẹta sì mọ ibi tí ó ń lọ láìmọ ẹni tí ó rán an. Nígbà tí mo yí ọ̀nà padà nínú Tor Browser, ìyẹn ètò tí a fi ń wo ìkànnì lórí Tor, èkejì àti ẹ̀kẹta yí, ṣùgbọ́n èkíní, tí ó wà ní Jámánì, kò yẹsẹ̀. Àwọn tí ó ṣe Tor mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, nítorí náà ìyẹn kọ́ ni ó ń dà mí láàmú. Ìkànnì náà ní HTTPS, tí kì í jẹ́ kí ẹni tó wà lójú ọ̀nà ka ọ̀rọ̀ náà, n kì í sì í fi orúkọ wọlé.

Ilé iṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún mi ni mo ń bẹ̀rù. Ó lè rí i pé mo ń lo Tor. Bí ó bá sì jẹ́ pé òun náà ni ó ń gbé ìkànnì ti Kùtọnú, kò ní ṣòro fún un láti fi àkókò àti ìwọ̀n ohun tí ó jáde lọ́dọ̀ mi wé ohun tí ó wọlé síbẹ̀. Mo ti gbìyànjú bridge obfs4, ìyẹn ẹnu ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí a ń gbà wọ Tor: ó ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ ń falẹ̀.

Ṣé obfs4 lè dènà ìfiwéra yìí, àbí kìkì pé mo ń lo Tor ni ó ń bò? Bí kò bá lè dènà rẹ̀, ṣé kí n máa ránṣẹ́ láti orí ìlà ilé iṣẹ́ mìíràn yóò tó?