Kọ́mẹ́ǹtì inú kóòdù C++ wa ò bá ìgbà mu mọ́, ṣé kí n pa wọ́n rẹ́?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kóòdù àtijọ́ kan níbi iṣẹ́ wa kúrò lórí C++03 bọ́ sórí C++17 (ẹ̀dà èdè C++ ti 2003 àti ti 2017). Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ àwọn kọ́mẹ́ǹtì inú ẹ̀ (àlàyé tí a kọ fún ẹni tó bá ń ka kóòdù) ti gbó. Ọ̀kan ní ká má pe size() (tó ń sọ iye nǹkan tó wà níbẹ̀) lórí std::list (àtòjọ inú C++) nínú lúùpù, pé ṣe ló máa ń kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òmíràn ní static inú fọ́ńṣọ̀n (ohun tí wọ́n ń ṣẹ̀dá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì ń wà níbẹ̀ lọ) léwu bí thread méjì (iṣẹ́ méjì tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ètò) bá jọ débẹ̀, ká fi mutex (àgádágodo tó ń jẹ́ kí wọ́n máa wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan) tì í. Ọmọ tuntun kan ka ìyẹn lánàá, ló bá tún fi mutex mìíràn kún un. Ṣé kí n kúkú pa gbogbo ẹ̀ rẹ́?

Ìdáhùn 1: Àbúrò, rọra o. Òótọ́ ni pé láti C++11 (ẹ̀dà ti 2011) ni ìlànà èdè náà ti ní size() ò gbọdọ̀ kà mọ́. Ṣùgbọ́n GCC (compiler kan, ìyẹn ohun tó ń sọ kóòdù di ètò tó lè ṣiṣẹ́) ò tẹ̀ lé e títí di GCC 5 ní 2015, torí ó máa yí bí list ṣe jókòó sínú mẹ́mọ́rì padà. Lọ wo Makefile yín (fáìlì tó ń sọ bí compiler ṣe máa ṣe kóòdù yín). Bí flag (àṣẹ tí a fún compiler) _GLIBCXX_USE_CXX11_ABI=0, tó ń ní kó lo list ti àtijọ́, bá wà níbẹ̀, ó ṣì ń kà á.

Olùbéèrè: Háà! Ó wà níbẹ̀, nítorí láíbìrì kan tí a ò ní kóòdù ẹ̀ lọ́wọ́.

Ìdáhùn 2: Ẹ ò rí i? Kọ́mẹ́ǹtì yẹn ò purọ́, ìdí ni kò sọ. Ẹ kọ orúkọ flag náà sí i, kí ẹni tó bá yọ flag lọ́la lè yọ kọ́mẹ́ǹtì pẹ̀lú. Ti static, láti C++11 ni compiler ti ń dáàbò bò ó, àyàfi bí ẹ bá lo -fno-threadsafe-statics. Ìgbà tí wọ́n ń ṣẹ̀dá ẹ̀ nìkan o! Bí thread bá ń kọ nǹkan sínú ẹ̀ lẹ́yìn náà, mutex ṣì pọn dandan.

Ìdáhùn 3: Ohun tí compiler lè yẹ̀ wò, kí lẹ ń kọ ọ́ sí kọ́mẹ́ǹtì fún? static_assert(__cplusplus >= 201103L) á pariwo fúnra ẹ̀ bí compiler ò bá tíì dé C++11.

Ìdáhùn 1: Lórí GCC, bẹ́ẹ̀ ni. Visual C++ (compiler ti Microsoft) ṣì ń pe ara ẹ̀ ní 199711L (nọ́ńbà C++ àtijọ́) bí ẹ ò bá fi /Zc:__cplusplus sí i.

Ìdáhùn 4: Bí ẹ bá ń tọ́ka sí ìlànà, ẹ yé kọ nọ́ńbà orí. Orí 6 ni ọ̀rọ̀ static yẹn wà ní C++11, ó di orí 9 ní C++17, C++20 tún gbé e lọ sí 8. Orúkọ ẹ̀, stmt.dcl, ò yí padà.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò: kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan sínú static náà, -fno-threadsafe-statics ò sì sí. Mutex méjèèjì ń lọ lónìí. Kọ́mẹ́ǹtì ti list á dúró.