Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá: áàpù wo ló dáa fún ọjà páálí àti gbèsè, ní Iléṣà níbí?

IyaIbeji_Provision: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọmọ tó ń bá mi tajà ti lọ láti Sátidé, mi ò rí ìwé gbèsè mọ́. Ọjọ́ Ajé ni ẹni tó ń gbé ọjà wá fún mi ń bọ̀ wá gbowó, mi ò sì mọ ẹni tó jẹ mí ní kọ́bọ̀. Áàpù wo lẹ fi ń ṣe tiyín, tí mo lè máa wò láti ilé? Ẹ má dárúkọ èyí tó le o.

OmoObokun: Irú ọjà wo, mà? Ṣọ́ọ̀bù mélòó? Fóònù lẹ fẹ́ lò tàbí kọ̀ǹpútà?

AkoweOwo: Ẹ kú ìdààmú, mà. Tó bá jẹ́ bí ọjà ṣe ń wọlé tó ń jáde nìkan, Loyverse tó yín. Orí fóònù Android ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ẹ ó máa tà lọ. Bó bá dé, á kó gbogbo rẹ̀ lọ síbi tó yẹ. Àmọ́ àwìn kò bá a lára mu. Fún ti gbèsè, Zoho Books ni màá mú: oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ìwé tirẹ̀, iye tó kó, iye tó san, iye tó kù.

BabaAlate: Ẹ gba POS, mà. Èmi ní méjì, ọkàn mi balẹ̀.

OmoObokun: Bàbá, wọn ò tíì mọ ẹni tó jẹ wọ́n, ẹ ń sọ bí wọ́n ṣe máa gbowó.

Dudu_Isokun: Ìyá Ìbejì, ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ẹlẹ́rìndòdò ni mò ń tà, páálípáálí. Oṣù kọkànlá 2022 ni ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi tòun ti táì, ó ní sọ́fítíwíà àwọn, orí àwọsánmà ló wà, ìyẹn kọ̀ǹpútà wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iná kò lè jó o, olè kò lè gbé e. Mo san ti ọdún kan. Mi ò ní purọ́, ó dáa. Mo lè wà ní Ìbòkun kí n máa wo ohun tí ọmọ ń tà ní Ìṣọ̀kùn. Àṣé dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀. Oṣù kẹfà 2023 ni ìjọba tú náírà sílẹ̀. Nígbà tí ọdún mi pé, iye tí wọ́n ní kí n san ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ méjì. Bí mo ṣe ṣí i lọ́jọ́ kejì, ojú ìwé funfun báláú, ìlà pupa kan láàárín: kí n sanwó. Àwọn oníbàárà 64 wà lẹ́yìn ojú ìwé yẹn. Mo pe nọ́ńbà wọn, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ìgbà tí mo máa fi rówó san, wọ́n ní àwọn ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ìyá kan ní Ìperíndó ní páálí 5 lòun kó. Mo mọ̀ pé 15 ni. Mo kàn ń wò ó lójú ni.

Alajapa: Yéè! Ilé-iṣẹ́ wo nìyẹn?

Dudu_Isokun: Mi ò ní dárúkọ wọn. Mi ò fẹ́ ẹjọ́ kún gbèsè.

Alajapa: Ìyá Ìbejì, ẹ sá o!

AkoweOwo: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ kó ẹ̀dà rẹ̀ jáde rí? Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fi bọ́tìnì kan síbẹ̀ tí èèyàn fi ń kó gbogbo rẹ̀ sínú Excel. Gbogbo alẹ́ Jímọ́ọ̀ lèmi ń kó tèmi.

Dudu_Isokun: Àbúrò, ta ló fi bọ́tìnì hàn mí? Onítáì kò sọ ọ́.

OmoObokun: Kó tiẹ̀ kó o, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbàgbé oṣù kẹta 2024, tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun gé lápá Abidjan? Gbogbo àwa onímọ̀ ẹ̀rọ jókòó lẹ́nu ọjà, a káwọ́ gbera. Ìyá tó ń fi bírò kọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń tà.

AkoweOwo: Ìdí tí mo fi dárúkọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìyẹn. Ṣé ẹ ń ka ohun tí mò ń kọ ni?

Osomaalo_Gidi: Àwọn bàbá wa ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, kò sí áàpù. Wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi. Ẹ lọ lóṣòó, mà.

Alajapa: Òṣómàáló mọ iye tó fẹ́ gbà kó tó lóṣòó o.

Tunde_Stoo: Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Ẹ ń ra páálí, ẹ ń ta àbọ̀ páálí, ibẹ̀ ni ọjà ti ń sọnù. Odoo, áàpù alápá púpọ̀, mọ èyí: ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé páálí núdù kan jẹ́ 40; bẹ́ ẹ bá ta 20, á ní àbọ̀ ló kù. Bẹ́ ẹ bá mú apá kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ mú ìkejì, owó ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ ò lè mọ̀ ọ́n lò kó tó di Ọjọ́ Ajé, mi ò ní tàn yín.

Mama_Semo: Ẹ jọ̀ọ́, èló ni súgà ní Atakúnmọ́sà lónìí?

Iyalode_Kekere: Ẹ̀gbọ́n mi, áàpù kankan ò lè sọ ohun tó wà nínú ìwé tẹ́ ẹ ò rí. Ẹ ṣí WhatsApp yín, ẹ wo owó tó wọ báǹkì láti oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa fi kó orúkọ jọ. Ẹ pè wọ́n lónìí, kẹ́ ẹ ní "èló ló kù sí ọ lọ́wọ́ nínú ìṣírò tìrẹ?" kí wọ́n tó gbọ́ pé ìwé sọnù. Ẹ tún wá kéde rẹ̀ síbí! Ṣé ẹ rò pé àwọn onígbèsè yín ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni?

BabaAlate: POS tèmi ń tẹ risíìtì jáde o.

IyaIbeji_Provision: (alẹ́ Ọjọ́ Àìkú) Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mi ò kà á tán. Ọmọ tó lọ yẹn ti pè, ara ìyá rẹ̀ ni kò yá. Ó ní inú páálí mílíìkì tó ṣófo, lẹ́yìn ilẹ̀kùn stóò, ni ìwé wà. Ibẹ̀ ló wà lóòótọ́. Eku ti jẹ etí rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Ifẹ̀ ti bá mi kó gbogbo rẹ̀ sínú Google Sheets, ìwé ìṣírò orí íntánẹ́ẹ̀tì, mò ń rí i lórí fóònù mi, òun náà ń rí i níbẹ̀. Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Mo tún ra ìwé tuntun, ẹlẹ́yìn líle, nítorí mi ò mọ̀.

AkoweOwo: Ó dáa, mà.

IyaIbeji_Provision: Ó ku ẹyọ kan. Mo kọ 1/2 síbi àbọ̀ páálí, ó sọ ọ́ di déètì. Ẹni tó kó àbọ̀ páálí Bournvita, ọjọ́ kejì oṣù kìíní ló ń jẹ mí báyìí.

Tunde_Stoo: 0.5 ni kẹ́ ẹ kọ, mà.

Dudu_Isokun: Gmail ta ni ọmọ náà fi ṣí i?