Àwọn àlejò tí kì í jẹ ẹran ń bọ̀ wá jẹun alẹ́ nílé wa ní Àjàṣẹ́: kí ni kí n sè?

Ìyá Adéọlá, Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ mi pe àwọn ará Íńdíà tí wọ́n jọ ń ṣòwò kajú Ṣábẹ wá jẹun alẹ́ nílé wa, kò sì sọ fún mi títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n dé. Wọn kì í jẹ ẹran, wọn kì í jẹ ẹja. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ti gbọ́ ni kò ti jẹ́ kí n sinmi: ó ní ọbẹ̀ tí kò lẹ́ja kì í ṣe ọbẹ̀ tí à ń gbé síwájú àlejò, ó ní àwọn aládùúgbò yóò sọ pé ìyà ń jẹ wá, ó sì tún ń mẹ́nu ba ìrẹsì ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tí kì í ṣe èmi ni mo sè é. Àwọn àwo ńlá tí mo yá ìyàwó àbúrò rẹ̀ kò tíì padà, bẹ́ẹ̀ àwọn ni mo fẹ́ fi gbé oúnjẹ. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀pà tó ki dáadáa, ẹyin sísè tí a là sí méjì lórí rẹ̀, àti kajú yíyan tí wọn yóò máa fi panu. Ṣé ó tó, àbí kí ni kí n fi kún un?

Bàbá Táíwò, Kétu:
Ẹ kú ìnáwó o. Ẹ kò sọ iye àlejò, ẹ kò sọ ọjọ́, ẹ kò sì sọ bóyá wọ́n ń jẹ ẹyin. Ọ̀pọ̀ ará Íńdíà tí kì í jẹ ẹran ni kì í fẹnu kan ẹyin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń mu wàrà màlúù dáadáa. Àwọn mìíràn sì wà tí kì í jẹ àlùbọ́sà àti aáyù pàápàá. Ẹ jẹ́ kí bàbá Adéọlá bi wọ́n kí ẹ tó lọ sọ́jà.

Alásè, Ṣábẹ:
Wàrà àwọn Fúlàní ni kí ẹ gbára lé. Mo sè é nígbà ìgbéyàwó àbúrò mi, nígbà tí àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ wá, wọ́n jẹ ẹ́ tán pátápátá. Ewé bọmubọmu ni wọ́n fi ń mú kí wàrà náà dì, kì í ṣe ohun tí a yọ nínú ikùn ọmọ màlúù bíi ti wàrà àwọn òyìnbó kan, nítorí náà ẹni tó ń sá fún ẹran lè jẹ ẹ́ láìbẹ̀rù. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, kí ẹ dín in títí ara rẹ̀ yóò fi pọ́n tí yóò sì le díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ dà á sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ẹ ti fi ọ̀gùnmọ̀ sí. Iṣu tó bá ti ọ̀dọ̀ wa wá ni kí ẹ fi gún iyán.

Ìyá Adéọlá:
Ẹ ṣé gan-an. Ní ti ẹja, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ní òun yóò lọ edé gbígbẹ díẹ̀ sínú ọbẹ̀ kó lè dùn, ẹnikẹ́ni kò sì ní í rí i. Èmi kò lè máa bá a jà nínú ilé ọkọ mi. Ẹ̀pà náà sì ti wà nílẹ̀, mo ti fi owó rà á.

Màmá Fọláṣadé, Àjàṣẹ́:
Ẹ má dán an wò! Bí èèyàn bá ní òun kì í jẹ nǹkan kan, ìbáà ṣe nítorí ìsìn, ìbáà ṣe nítorí ara, a kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi nǹkan náà pamọ́ sínú oúnjẹ rẹ̀. Ṣé ẹ óò gbà kí ẹnì kan fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sínú ọbẹ̀ Mùsùlùmí? Ẹ ka ara páálí kúùbù tí ẹ ń fọ́ sọ́bẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ní adìẹ tàbí edé nínú. Irú ni kí ẹ fi rọ́pò gbogbo rẹ̀: ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kó ta nínú epo pupa gbígbóná pẹ̀lú àlùbọ́sà, ẹ̀gbọ́n ọkọ yín kò ní í bèèrè edé mọ́.

Bàbá Táíwò:
Irú ń rùn sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mo ti rí àlejò tó dìde nídìí oúnjẹ nítorí rẹ̀ níbí ní Kétu. Olú gbígbẹ ni kí ẹ lò.

Màmá Fọláṣadé:
Irú tí a kò fọ̀ ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Ilé Yorùbá ni wọ́n ń bọ̀, kí wọ́n tọ́ oúnjẹ Yorùbá wò.

Alásè, Ṣábẹ:
Irú díẹ̀ kò burú. Ẹ jẹ́ kí ìyá Adéọlá dáhùn ohun tí bàbá Táíwò bi í.

Ìyá Adéọlá:
Ọkọ mi ti pè wọ́n. Mẹ́jọ ni wọ́n, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ń jẹ àlùbọ́sà, wọn kì í jẹ ẹyin. Wọ́n ní ọmọ kékeré kan wà láàárín wọn tí ẹ̀pà máa ń mú ètè àti ọ̀fun rẹ̀ wú, débi pé wọ́n ti sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn rí. Mo rò pé bí mo bá bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀, tó jẹ́ pé òróró ẹ̀pà nìkan ni mo fi dín dòdò rẹ̀, kò yẹ kó ní wàhálà, torí òróró kì í ṣe ẹ̀pà.

Nọ́ọ̀sì, Kétu:
Ìyá Adéọlá, ẹ dúró ná, ẹ má tíì gbé ìkòkò kaná. Irú wíwú bẹ́ẹ̀ lè dí èémí ọmọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀pà tí kò tó nǹkan ló sì lè fà á. Òróró tí àwọn obìnrin wa ń fún nígbà tí wọ́n bá ń ṣe kúlíkúlí ṣì ní ara ẹ̀pà nínú, nítorí wọn kò sẹ́ ẹ bí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ń sẹ́ tiwọn. Inú gbogbo oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà ni kí ẹ̀pà ti kúrò, kì í ṣe inú ti ọmọ náà nìkan, torí ọmọdé á máa nawọ́ sí abọ́ ẹlòmíràn, ìgbákọ á sì máa ti inú àwo kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ má gbé ata lọ síbi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀pà. Orí ọlọ tí ẹ ti fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ni kí ẹ ti lọ̀ ọ́. Bí ẹ bá máa se ẹ̀gúsí, ẹ ra èyí tí wọn kò tíì bó, nítorí àwọn kan máa ń lọ ẹ̀pà mọ́ èyí tó ti di lílọ̀. Ẹ bi ìyá ọmọ náà nípa kajú, ẹ̀wà, sóyà àti ẹ̀gúsí, torí ẹni tí ẹ̀pà ń bá jà lè ní ìṣòro pẹ̀lú òmíràn nínú wọn. Bí wọ́n bá ní oògùn tí wọ́n máa ń lò fún un, kí wọ́n mú un dání.

Ìyá Adéọlá:
Mo ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ fúnra mi. Ọmọ náà ń jẹ ẹ̀wà, ó ń mu wàrà, kò jẹ kajú rí, wọn kò sì mọ ẹ̀gúsí. Nítorí náà n kò ní í se ẹ̀gúsí, n kò sì ní í gbé kajú síta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òwò kajú ló so wá pọ̀. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú ewé ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé fún wọn, lẹ́yìn náà iyán àti ọbẹ̀ ọ̀gùnmọ̀ tó ní irú fífọ̀ àti wàrà díndín. Epo pupa ni màá fi dín wàrà náà àti dòdò. Mo ti rí wàrà tó dára ní ọjà Ouando. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní òun yóò se ọbẹ̀ eléja tirẹ̀ sẹ́yìnkùlé nínú ìkòkò ọ̀tọ̀. Ṣé kí n gbà fún un?

Nọ́ọ̀sì, Kétu:
Ẹ gbà fún un, ṣùgbọ́n kí ó ní ìgbákọ tirẹ̀, kí ó má sì fi òróró ẹ̀pà sè é lọ́jọ́ náà.